Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìjàǹbá Inú Ìtọ́jú àti Bí A Ṣe Ń Jábọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìtọ́jú, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wa, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera ṣùgbọ́n tí ẹ ní èèyàn yín lórí bẹ́ẹ̀dì, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń dá ìjàǹbá inú ìtọ́jú mọ̀ àti bí a ṣe ń jábọ̀ rẹ̀. Mo lè ti orí òfin bẹ̀rẹ̀, mo sì lè ti orí fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òru ọjọ́ kan ni mo fẹ́ fi ṣáájú, nígbà tí mo ṣì jẹ́ nọ́ọ̀sì kékeré.

Agogo méjì òru ti kọjá. Àwa méjì péré la wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn aláìsàn tó wà ní wọ́ọ̀dù sì lé ní ogún. Bàbá kan wà tó yẹ kí n fún ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àkóràn. Kí abẹ́rẹ́ náà tó wọlé, mo ní láti kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ díẹ̀ ṣan kánúlà, ọ̀pá ike tínńtín tí oògùn ń gbà wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo na ọwọ́ sínú àwo tí a ń kó àwọn ìgò oògùn kéékèèké sí, mo mú ọ̀kan, mo yí ọrùn rẹ̀ já, mo fa omi inú rẹ̀ sínú síríńjì. Ìgò náà rí bó ṣe máa ń rí: ike kékeré, omi tó mọ́ gaara, lẹ́tà tínńtín lára rẹ̀. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀dọ̀ bàbá kí ojú mi tó ṣèèṣì padà sí ìgò tí mo gbé kalẹ̀. Potassium chloride ni wọ́n kọ sí i lára.

Ẹni tó mọ oògùn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Potassium wúlò púpọ̀, kódà kò sí bí ọkàn ṣe lè lù dáadáa láìsí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó le, tí a kò tíì là mọ́ omi púpọ̀, bí a bá tì í wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn lè dúró kí ẹni tó fún abẹ́rẹ́ náà tó yọ síríńjì.

Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo da síríńjì nù, mo mú ìgò tó tọ́, mo fún bàbá ní oògùn rẹ̀, ó sì sùn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó parí síbẹ̀. Mi ò kọ nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ kọ? Bàbá ò kú, nǹkan kan ò ṣe é, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ohunkóhun fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ní wọ́ọ̀dù kejì, nọ́ọ̀sì mìíràn na ọwọ́ sínú irú àwo kan náà. Ojú tiẹ̀ kò padà sí ìgò. Igbe obìnrin tó ń fún lábẹ́rẹ́ ló dá a dúró: obìnrin náà ní iná ń jó òun lápá. Ìwọ̀nba tó ti wọlé ti da lílù ọkàn rẹ̀ rú. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ara wọn le gan-an, ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀ kó tó bọ́. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn fún nọ́ọ̀sì náà, kò sì pẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ìgò méjèèjì ń wá nínú àwo kan náà. Nínú gbogbo ilé ìwòsàn yẹn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi nìkan la mọ̀ pé àwo yẹn ti fẹ́ pa èèyàn rí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kó lè mọ ohun tó kọ òun lẹ́sẹ̀, kó sì lè gbé e kúrò lọ́nà fún ẹni tó ń bọ̀. Ní òru ọjọ́ yẹn, ọmọdé ni mí. Mo dìde, mo gbọn eruku nù, mo ń bá tèmi lọ.

Kí wá ni ìjàǹbá inú ìtọ́jú? Òun ni ìpalára tó bá aláìsàn láti ara ìtọ́jú tí a fún un, tàbí láti ara èyí tó yẹ kí a fún un tí a kò fún un, yàtọ̀ sí ohun tí àìsàn tó gbé e wá fà fúnra rẹ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ pa, àìsàn ló pa á. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tó wá gba ìtọ́jú, tí kòkòrò wá gba ojú kánúlà tí a gbàgbé sí i lọ́wọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìsàn tó gbé wá. Ọ̀dọ̀ wa ló ti kó o.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò tíì dárúkọ àṣìṣe. Ìjàǹbá lè wáyé láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣi ohunkóhun ṣe: a fún ẹnì kan ní penicillin fún ìgbà àkọ́kọ́, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wú, kò sì sí bí a ṣe lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe náà lè wáyé láìsí ìjàǹbá: a fún ẹni bẹ́ẹ̀dì karùn-ún ní oògùn ẹni bẹ́ẹ̀dì kẹfà, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tó kẹ́yìn ni irú tèmi, èyí tó kù díẹ̀ kó kan aláìsàn tí ohun kan sì yẹ̀ ẹ́. Ó-kù-díẹ̀ ni mo máa ń pè é. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ ká jábọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè èyí tó níye lórí jù, ó-kù-díẹ̀ ni n óò mú. Ó ń kọ́ wa ní ohun tí ìjàǹbá gidi ń kọ́ni, láìgba ẹ̀mí kankan lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú aláìsàn 10, bí ẹnì kan ni ìtọ́jú ń pa lára, pé àwọn tí ìtọ́jú tí kò láàbò ń pa lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 3, àti pé ó lé ní ìdajì ìpalára yìí tó ṣeé dènà. Ní 1991, àwọn olùwádìí láti Harvard gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n fi yẹ fáìlì tó lé ní 30,000 wò, ti àwọn tó wọ ilé ìwòsàn ní ìpínlẹ̀ New York ní 1984. Nínú 100 aláìsàn, wọ́n rí ìjàǹbá lára 3.7. Ní 1999, Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà sọ pé láàárín 44,000 sí 98,000 èèyàn ni àṣìṣe inú ìtọ́jú ń pa lọ́dún ní àwọn ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè náà. Awuyewuye pọ̀ lórí iye yẹn, títí di òní. Ní tèmi, kódà bí a bá dá a sí méjì, ó ṣì pọ̀ jù.

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀: bí a ṣe ń dá ìjàǹbá mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìjàǹbá ń pariwo, pé bó bá ṣẹlẹ̀ gbogbo wọ́ọ̀dù ni yóò mọ̀. Rárá o. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Aṣọ àìsàn ni ìjàǹbá máa ń wọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀sọkúsọ ní alẹ́ ọjọ́ kejì tó wọlé, a ní ọjọ́ orí ni. Ó sì lè jẹ́ oògùn oorun tí a fún un ni. Ìyá kan ń dákú bó bá dìde, a ní ara rẹ̀ kò tíì le. Ó sì lè jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà méjì kọ fún un lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò sí ẹni tó fi ìwé méjèèjì wéra. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó máa wá sí wa lọ́kàn nígbà tí ara aláìsàn bá yí padà sí búburú lójijì ni èyí: ṣé kì í ṣe ohun tí a ṣe fún un ni? Ó ṣòro láti béèrè, nítorí a fẹ́ràn láti gbà pé oore la ń ṣe.

Ọ̀nà kan wà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Dípò kí èèyàn máa ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmì la máa ń wá. Naloxone, fún àpẹẹrẹ, ni oògùn tí a fi ń já agbára morphine, oògùn ìrora tó lágbára, kúrò lára. Bí mo bá rí i nínú fáìlì pé wọ́n fún aláìsàn ní naloxone ní agogo mẹ́rin ìdájí, mo ti ní ìbéèrè tí n óò bi fáìlì náà: kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín agogo méjì sí agogo mẹ́rin? Báwo ni morphine tí wọ́n fún un ṣe pọ̀ tó? Ta ló ń wo bó ṣe ń mí? Bẹ́ẹ̀ náà ni Vitamin K tí a sáré fún ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀ sí abẹ́ 50 mg/dL lára ẹni tó ń gba insulin, oògùn àtọ̀gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín lójijì, ẹni tí wọ́n dá padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹni tí wọ́n sáré gbé láti wọ́ọ̀dù lọ sí ibi ìtọ́jú tó ga jù, ẹni tó lọ sílé tó sì padà wá kí ọjọ́ 30 tó pé. Àmì kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ pé o wá ibẹ̀ wò, tí o kò sì bá nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èéfín ni, ó sì tọ́ kí èèyàn lọ wo ibi tó ti ń rú.

Institute for Healthcare Improvement, àjọ kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣètò ọ̀nà yìí sí ohun tí ilé ìwòsàn èyíkéyìí lè lò: fáìlì 20 lóṣù, tí a kàn ṣà láìmọ èyí tí yóò bọ́ síni lọ́wọ́, a ò sì gbọdọ̀ lò ju 20 ìṣẹ́jú lọ lórí ọ̀kan. Ní 2011, àwọn olùwádìí gbé e yẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, lórí fáìlì 795. Ọ̀nà wíwá àmì yìí fi ìjàǹbá 354 hàn. Ọ̀nà tí a ń gbà fi àkọsílẹ̀ ìṣirò ilé ìwòsàn wá a fi 35 hàn. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn jábọ̀ jẹ́ 4.

Mẹ́rin. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka iye yẹn, tí mo sì mọ̀ pé mo wà lára àwọn tí kò kọ nǹkan kan. Ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà mìíràn tó jáde ní 2012 bá a mu: nínú ìpalára 100 tó bá àwọn aláìsàn tó wà lábẹ́ Medicare, ètò ìlera tí ìjọba ibẹ̀ ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, nǹkan bí 14 péré ni ètò ìjábọ̀ ilé ìwòsàn gbọ́ nípa rẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ lóhùn. Ojú yín wà lára ojú tí a fi ń rí i. Ìyàwó tó ń jókòó ti ọkọ rẹ̀ láti àárọ̀ mọ̀ pé bó ṣe ń mí báyìí kọ́ ló ṣe ń mí lánàá. Bí ó bá sọ ọ́, tí a ní kó fọkàn balẹ̀, a ti sé ilẹ̀kùn mọ́ ìròyìn tí ẹ̀rọ kankan kò lè fún wa. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ ibi tí omi ti ń jò tí èèyàn á ti yọ̀ ṣubú. Kò yẹ kí fọ́ọ̀mù ìjábọ̀ jẹ́ ti dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan.

Ó yá, kí ló dé tí ìjábọ̀ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Àwọn awakọ̀ òfúrufú ló kọ́ mi ní èyí. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, 1974, ọkọ̀ òfúrufú 514 ti ilé-iṣẹ́ TWA ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápákọ̀ Dulles, nítòsí Washington ní Amẹ́ríkà. Awakọ̀ àti ẹni tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ gbọ́ gbólóhùn kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún un. Ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó kọlu òkè kan ní Virginia, gbogbo èèyàn 92 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ United ti ṣi gbólóhùn yẹn gbọ́ bákan náà lójú ọ̀nà pápákọ̀ kan náà, ó sì kù díẹ̀ kó kọlu òkè kan náà. United kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ tiwọn. Àwọn ti TWA kò gbọ́.

Bí mo bá rántí òkè yẹn, àwo oògùn wa ni mo máa ń rí.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni kí a fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní 1976, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí awakọ̀ lè fi kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ránṣẹ́. Àjọ tó lágbára láti gba ìwé àṣẹ awakọ̀ kọ́ ló ń gba ìwé náà. NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí òfúrufú, ló ń gbà á, wọ́n á yọ orúkọ kúrò, wọ́n á sì pín ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó ń gbọ́ kì í ṣe ẹni tó ń nà.

Ní ti oògùn, thalidomide, oògùn oorun kan, ló la ojú ayé. Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1957, wọ́n sì ní kò léwu, débi pé àwọn aboyún ń lò ó fún èébì òwúrọ̀. Ó lé ní 10,000 ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù apá àti ẹsẹ̀ kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà. Dókítà méjì ló ta ìdágìrì ní 1961, Widukind Lenz ní Jámánì àti William McBride ní Ọsirélíà. McBride kò ní ju ọmọ mélòó kan tó rí lọ, ó sì kọ lẹ́tà ṣókí sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn láti béèrè bóyá àwọn ẹlòmíràn náà ń rí irú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ní 1964, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò Yellow Card tí dókítà fi ń kọ ohun tó bá fura sí nípa oògùn. Ní 1968, WHO kó orílẹ̀-èdè 10 jọ láti máa pín irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Lónìí, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ lé ní 150, ìlú Uppsala ní Sweden sì ni wọ́n ń kó ìròyìn náà jọ sí, tó ti lé ní mílíọ̀nù 30.

Ìfura tó láti jábọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé. Mo ti gbọ́ kí dókítà tó mọ iṣẹ́ dáadáa máa sọ pé, “Kò dá mi lójú pé oògùn yẹn ló fà á, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ́.” Kò sí ẹni tó ní kó dá ọ lójú. Ohun mẹ́rin péré ni ìròyìn ìpalára oògùn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè wúlò: aláìsàn kan tí a lè tọ́ka sí, kódà bó jẹ́ ọjọ́ orí àti lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan, ẹni tó ń jábọ̀, oògùn tí a fura sí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdájú, àwọn tó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìròyìn pọ̀ ni yóò wá a. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú, tàbí ohun tó fẹ́ gba ẹ̀mí, tó gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn tàbí tó mú un pẹ́ níbẹ̀, tó sọ èèyàn di aláàbọ̀ ara, tàbí tó kan ọmọ inú oyún, má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la.

Nígbà tí ọ̀ràn bá ṣẹ̀ lójú rẹ, aláìsàn ni àkọ́kọ́. Ìwé lè dúró. Lẹ́yìn náà, má da ohunkóhun nù: ìgò, síríńjì, àpò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ tó kọ iṣẹ́, fi wọ́n síbi tí ẹlòmíràn kò ti ní fọwọ́ kàn wọ́n. Pe ẹni tó jù ọ́ lọ lẹ́nu iṣẹ́. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì ní àkókò tó ṣẹlẹ̀, má sì padà lọ tún ohun tí o ti kọ tẹ́lẹ̀ ṣe. Àtúnkọ fáìlì ti ba ayé àwọn tí kò jẹ̀bi ohunkóhun jẹ́.

Bí a ṣe ń kọ ìjábọ̀ náà tún wà. Mo ti rí èyí rí: “Nọ́ọ̀sì òru kò bójú tó aláìsàn dáadáa, aláìsàn sì ṣubú.” Gbólóhùn yẹn ti dá ẹjọ́ kó tó ròyìn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe àtúnṣe nínú rẹ̀. Ẹ fi wé èyí: “Agogo 3:40 òru. A bá aláìsàn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì 6. Ó ní òun ń lọ tọ̀. Wọ́n fún un ní oògùn oorun ní agogo 10. Irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wà nísàlẹ̀. Gílóòbù ọ̀nà ilé ìtọ̀ ti jó. Okùn agogo ìpè kò tó ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló wà fún aláìsàn 24.” Ẹ ka ohun tó ṣeé tún ṣe níbẹ̀: gílóòbù, okùn, irin, àkókò oògùn, iye òṣìṣẹ́. Ìṣubú kan ṣoṣo, ó ti fi ohun márùn-ún hàn wá.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. Ẹ̀rù ni. Mi ò ní sọ pé ẹ̀rù yẹn kò nídìí. Ní 2022, ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà dá nọ́ọ̀sì kan lẹ́bi ọ̀ràn ikú aláìsàn kan tó fún ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ní 2017. Òun fúnra rẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Wọn kò rán an lọ sẹ́wọ̀n, àmọ́ wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta, àwọn nọ́ọ̀sì káàkiri ayé sì gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé àwọn kò tún ní jẹ́wọ́ nǹkan kan mọ́. Ó pẹ́ tí ẹni tó bá sọ òtítọ́ ti ń jìyà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ernest Codman, oníṣẹ́ abẹ ní Boston, kọ àṣìṣe ilé ìwòsàn rẹ̀ jáde fún gbogbo èèyàn: láàárín 1911 sí 1916, nínú aláìsàn 337, ó ka àṣìṣe 123. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kò gbà fún un nígbà ayé rẹ̀.

Ojú tí mo fi wo ọ̀rọ̀ ẹ̀bi nìyí. Ẹni tó mutí wá sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa aláìsàn lára, ẹni tó yí fáìlì, ìyẹn ní ibi tí a ń gbé ẹjọ́ wọn lọ. Ṣùgbọ́n fún àwọn yòókù, tí wọ́n pọ̀ ju ìwọ̀nyí lọ fíìfíì, ìbéèrè kan ni mo máa ń béèrè: bí a bá mú ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ bíi tirẹ̀, tí a fi í sí òru yẹn, pẹ̀lú aláìsàn yẹn, àwo yẹn, àárẹ̀ yẹn, ṣé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé bí o lé nọ́ọ̀sì náà lọ, ẹni tí o gbà sípò rẹ̀ ni yóò ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀rù nìkan kọ́ ló ń pa ìjábọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tó gba ìjábọ̀ tún burú jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ náà, jábọ̀, fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa: ẹni tí a bá rán níṣẹ́ ló ń jábọ̀ fún ẹni tó rán an. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ìjábọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó yẹ kó padà wá sọ ohun tó fi ṣe. Nọ́ọ̀sì tó kọ fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbọ́ ohunkóhun kò ní kọ ẹ̀kẹrin, mi ò sì ní bá a wí. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹ kò bá lè ṣe ju ohun kan lọ lórí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí, ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri wọ́ọ̀dù lóṣooṣù: ohun tí ẹ sọ fún wa rèé, ohun tí a ṣe sí i rèé, èyí tí a kò tíì lè ṣe rèé àti ìdí rẹ̀.

Ohun tí a bá sì ṣe, kó má jẹ́ ìwé “ẹ ṣọ́ra” lásán. Ìṣọ́ra kì í dúró ti èèyàn di agogo mẹ́ta òru. Ẹ wo vincristine, oògùn jẹjẹrẹ. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ibi tó yẹ kó wọ̀. Bó bá ṣèèṣì wọ omi ọ̀pá ẹ̀yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń kọ ìkìlọ̀ sára síríńjì rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kú. Ní 2007, WHO ní kí wọ́n yéé fi í sínú síríńjì, kí wọ́n máa là á sínú àpò omi kékeré, nítorí kò sí ẹni tí yóò rí àpò omi tí yóò rò pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni. Wọ́n yí ohun tí ọwọ́ ń dì mú padà, wọn kò fi gbogbo rẹ̀ lé ìrántí èèyàn lọ́wọ́.

Potassium náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ pàá tí Joint Commission, àjọ tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò ní Amẹ́ríkà, kọ sí àwọn ilé ìwòsàn, ní 1998, òun ló dá lé lórí. Wọ́n ti gba ìròyìn ikú 10. Mẹ́jọ nínú rẹ̀ jẹ́ ti èyí tó le tí wọ́n tì wọ inú iṣan tààrà, mẹ́fà nínú mẹ́jọ yẹn sì jẹ́ pé wọ́n ṣì í mú fún oògùn mìíràn tó jọ ọ́. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí wọ́n kó o kúrò ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo rí ìkìlọ̀ yìí kà, ó ti pẹ́ tí òru tèmi ti kọjá, mo sì jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè ṣí ojú ewé kejì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, ti aláìsàn fúnra rẹ̀. Bí a ti ń jábọ̀ fún ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ la gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó fara gbá a. Ẹ jókòó tì í, ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èdè tó gbọ́, ẹ tọrọ àforíjì, ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe sí i báyìí, ẹ sì padà wá sọ ohun tí ìwádìí bá fi hàn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn ẹbí tó wà nínú ìrora mọ̀ bí ẹnì kan bá ń pa irọ́ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń béèrè ohun kan náà: kí ni ẹ máa ṣe kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn?

Nígbà tí mò ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo mú fọ́ọ̀mù kan, mo kọ èyí tí mi ò kọ ní òru yẹn sí i. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

“Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, agogo 2:15 òru. Mo fa potassium chloride sínú síríńjì dípò omi iyọ̀. Mo rí i kí n tó fún aláìsàn, kò sí ìpalára. Ìgò méjèèjì jọra, inú àwo kan náà ni wọ́n sì wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kó potassium kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì wo àwo àwọn wọ́ọ̀dù yòókù.”